Ìtọ̀ Tí N Kò Dà Nù

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi wo ìtọ̀ ẹlòmíràn jẹun. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ á rẹ́rìn-ín, kò sì burú, àwọn ọmọ-ọmọ mi náà ń rẹ́rìn-ín. Ní Ọ̀fà níbí, àwọn kan ṣì ń pè mí ní Alhaja Onítọ̀. Láàbù ilé ìwòsàn kan ni mo ti ṣiṣẹ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní pólì ló ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi, pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń ro ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ibi tó dùn nìkan kọ́ ni mo máa sọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo jáde ìwé, wọ́n ń wá ẹni tó máa fọ ìgò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀, ó sì tó mi jẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀gá Àyìndé là ń pè é. Ọkùnrin kúkúrú ni, aṣọ funfun rẹ̀ máa ń le kankan bí ẹni pé inú irin ló ti bọ́ jáde, n kò sì rí i kó jókòó sídìí iṣẹ́ rí. Odindi oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Láràárọ̀, yóò to ìgò ìtọ̀ sójú fèrèsé, yóò ní:

"Nìmọ́ta, kí lo rí?"

"Ìtọ̀ ni, sà."

"Ìtọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Mo ní kí lo rí?"

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi là. Mo mọ èyí tó dà bí tíì tí kò gbó, èyí tó ń hó bí omi ọṣẹ, èyí tó dúdú nítorí ibà, èyí tó pọ́n nítorí òògùn. Òun náà ló fi ẹ̀rọ àfọwọ́yí hàn mí. A máa ń da ìtọ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi í sára ẹ̀rọ náà, a ó máa yí ọwọ́ rẹ̀ títí gbogbo ohun tó wúwo yóò fi rì sísàlẹ̀.

Ó ní, "Gbọ́ èyí dáadáa. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn lára, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá tirẹ̀ mu, ara yóò dojú kọ ọ́, yóò fọ́ ọ túútúú, pupa rẹ̀ yóò sì gba ojú kíndìnrín jáde. Nítorí náà, ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni náà bá tọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á nù. Yí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣì wà lódidi á rì bí iyanrìn inú omi, omi òkè á sì mọ́. Èyí tó ti fọ́ kò ní í rì. Bó o yí i dọ̀la, pupa ni yóò máa wò ọ́ lójú."

Òfin rẹ̀ kejì ni pé kí a kọ orúkọ sára ìgò kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀. Ó bá ìgò mi kan láìní orúkọ lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ó dà á sínú síńkì, ó ní kí n padà lọ gba òmíràn. Ìyá ọmọ náà bú mi, ó bú bàbá tó bí mi, pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun ni mo fi ń ṣeré. Mo sunkún padà. Ọ̀gá ní, "Ó bú ọ, ó sì ti tán. Òkú kì í búni, Nìmọ́ta. Òkú ni kó o bẹ̀rù."

Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ nígbà náà. Etí mi nìkan ló gbọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo padà wá. Mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi di ọdún kọkànlá, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tèmi ní láàbù yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ní, "Ẹ gbé e fún Ẹ̀gbọ́n Nìmọ́ta, kíá ni." Orí mi ń wú. Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi kò fi ẹ̀sọ̀ mú un mọ́.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́ ti bímọ obìnrin lánàá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ púpọ̀. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tó bá wa pààlà, ni, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ló lọ́kọ sí. Dókítà ní kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kí n wá èyí tó bá a mu, wọ́n sì gbé ti bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wá pẹ̀lú rẹ̀. Mo bu díẹ̀ nínú ti ìkíní sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo bu ti ìkejì sínú òmíràn, mo gbé méjèèjì kalẹ̀. Orúkọ ló kù kí n kọ.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ìyàwó kan ni, ọdún mẹ́jọ ló ti ń wá ọmọ, ó wá gba èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé oyún ti dé. Háà! Ó dì mọ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún dì mọ́ mi, omijé rẹ̀ rin èjìká aṣọ mi. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo padà sídìí tábìlì, mo mú kálàmù, mo kọ orúkọ Àṣàkẹ́ sára ìgò bàbá, mo kọ ti bàbá sára ìgò Àṣàkẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ O ni Àṣàkẹ́. Ẹ̀jẹ̀ A ni mo kọ sínú káàdì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ A náà ni wọ́n gbé lọ fà sí i lára.

Ọ̀gá Àyìndé ti lọ kí Jímọ́ọ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Débọ́rà sáré wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yẹn ń gbọ̀n. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ó ń sọ pé òun máa kú."

"Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́?"

"Mo ti tì í pa. Àpò rẹ̀ rèé. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lára rẹ̀ rèé, ìtọ̀ rẹ̀ náà sì nìyí."

Mo wo ìgò náà. Ó dà bí sóbò tó gbó.

Ó ní, "Bóyá ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ló dà pọ̀ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà ni mo fi fa ìtọ̀ náà jáde láti inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Àbí àgbo ni? Ìyá rẹ̀ gbé àgbo wá fún un láàárọ̀, alágbo ni wọ́n nílé wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń pariwo ní wọ́ọ̀dù pé àgbo ló fẹ́ pa á."

Ó sáré padà. Iná kò sí, mo sì yí ẹ̀rọ àfọwọ́yí títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo yọ ìgò náà, n kò rí nǹkan tó rì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, pupa gbáà ni. Mo wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, n kò rí ẹ̀jẹ̀ tó wà lódidi, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìbímọ nìyẹn. Mo ki ìwé àyẹ̀wò tó ń dá ẹ̀jẹ̀ mọ̀ bọ inú rẹ̀, ó yí àwọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ àgbo kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé yẹn. Mo bá lọ sídìí fíríìjì, mo mú ìgò tí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá láti wọ́ọ̀dù, èyí tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kọ orúkọ sí. Mo tún un yẹ̀ wò. O ni.

Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tó kanlẹ̀kùn.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Mo gbé ìgò ìtọ̀ náà lọ sẹ́nu síńkì. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀nà méjì lélẹ̀ fún mi láìtọrọ: ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, àti àgbo. Bí mo bá dà á nù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ro àwọn ọmọ mi mẹ́ta. Mo ro ohun tí àwọn ará Ọ̀fà máa sọ. Mo tẹ ẹnu ìgò náà sínú síńkì díẹ̀.

Ìwà rere kọ́ ló dá mi dúró. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo mọ iṣẹ́ mi. Bí dókítà bá rò pé àgbo ni, kò ní í fa omi tó pọ̀ tó sí i lára láti gba kíndìnrín rẹ̀ là, ó sì lè ní kí wọ́n tún gbé ẹ̀jẹ̀ A kan náà wá. Mo gbé ìgò náà sáyà, mo sáré. Lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo rí dókítà, mo ní, "Sà, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá a mu ni. Àṣìṣe mi ni. Ẹ má ṣe fún bàbá yẹn náà." Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń kérora nínú lọ́hùn-ún. N kò lè wọlé. N kò rí ojú rẹ̀.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà lágbára wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ wá fún mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ìgò náà dé ìdajì. Lọ́jọ́ Àìkú, ó dín. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò ju ṣíbí kan lọ. Lọ́jọ́ Túsìdeè, Débọ́rà wá, kò gbé nǹkankan lọ́wọ́. Ó ní kò tọ̀ mọ́. Wọ́n ń ṣètò láti gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà. Àárọ̀ Tọ́sìdeè, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ló kú.

Ọ̀gá Àyìndé kò jágbe mọ́ mi láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn. Ìbá sàn kó jágbe. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú Àṣàkẹ́, akọ̀wé ilé ìwòsàn pè wá méjèèjì sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá Àyìndé, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ló kọ ẹ̀jẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe gbóná láàárín àwa àti Ẹ̀rìn lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ Ọ̀fà ló fún ọmọ wọn ní ẹ̀jẹ̀ tó pa á, ta ni yóò gbà pé àṣìṣe ni? Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ náà ti gbà pé àgbo ni. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá bi í pé, "Ìyá tó se àgbo ńkọ́?"

Akọ̀wé kàn ti ìwé àkọsílẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀jẹ̀ A la fún ẹni tó ni O. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn." Ó kọ ọ́, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí olórí láàbù, ó na kálàmù sí mi, èmi náà kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gba gèlè rẹ, a ń lọ sí Ẹ̀rìn."

Ọlọ́kadà tó gbé wa kọ̀ láti kọjá ààlà, ó já wa sílẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Àwọn èèyàn ń wò wá. Ìyá Àṣàkẹ́ wà lẹ́yìn ilé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun Ọbàtálá sọ́rùn, èèpo igi tó ń sá sórí ẹní ti bu níwájú rẹ̀, kò kó o. Ìkòkò àgbo rẹ̀ gbogbo ti fọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ wọn.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí Àṣàkẹ́ lára. Mo ṣi orúkọ kọ sára ìgò. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fún un. Òun ló pa á."

Adìyẹ kan ń ta ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá náà ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Kì í ṣe àgbo mi?"

"Kì í ṣe àgbo yín, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìtọ̀ rẹ̀ ló sọ fún mi." Mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ tó ń rì àti èyí tí kì í rì, bí Ọ̀gá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó mọ òògùn ṣe ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí jẹun bí ẹni ń fi ọwọ́ apànìyàn jẹun. Wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ tó bí. Wọ́n ní n ò ní í fi àgbo pa òun náà."

Mo ní, "Ẹ foríjì mí, mà."

Ó ní, "N ò foríjì ọ́. Má bẹ̀ mí lónìí. Ṣùgbọ́n dìde. Wàá sọ ọ́ níwájú àwọn àna mi."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ padà wá sí Ọ̀fà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, sílé bàbá Láísì, ọkọ Àṣàkẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ nígbà kẹta. Ọwọ́ Láísì lọ sókè, mo di ojú mi. Bàbá rẹ̀ ló dì í mú. Láísì ń pariwo pé, "Orúkọ! Orúkọ lásán!" Ìyá rẹ̀, obìnrin tó ti ń pariwo àgbo kiri, wọ yàrá, ó gbé ìkókó náà jáde, ó gbé e sọ́wọ́ ìyá Àṣàkẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ohun kan ṣoṣo tó bọ́ sójú ọ̀nà nìyẹn.

Ìjà tí Akọ̀wé bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ẹ̀rìn ti dìde, ṣùgbọ́n ìyá náà jáde sí wọn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òkú ọmọ òun wá ìjà tí wọ́n ti fẹ́ jà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n dá mi dúró níṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà mí padà, ìgò ni wọ́n ní kí n máa fọ̀, odindi ọdún kan. Mo fọ̀ ọ́. Ọ̀gá Àyìndé ni wọ́n ní kó lọ sinmi, kò sì padà mọ́. Mo máa ń lọ kí i nílé. A ó sọ̀rọ̀ ọmọ, a ó sọ̀rọ̀ òjò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo dán an wò, mo ní, "Ọ̀gá, mo ba orúkọ yín jẹ́."

Ó ní, "Mo kọ́ ọ pé kó o má ṣe kánjú. Mo kọ́ ọ pé kó o má ṣe ṣọ̀lẹ. N kò kọ́ ọ pé ayọ̀ náà máa ń da ọwọ́ rú. Èmi alára kò mọ̀." Ọdún kejì ló jáde láyé.

Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ oníná dé, ẹ̀rọ àfọwọ́yí wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ púpọ̀ dé, tí a máa ń kì bọ inú ìtọ̀, tí yóò sọ nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà ń tẹ orúkọ jáde fúnra rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé aláwọ̀ yẹn yóò yí padà fún ẹ̀jẹ̀ tó wà lódidi, yóò yí fún èyí tó ti fọ́. Mo kọ́ gbogbo ẹni tó wá sábẹ́ mi pé kí wọ́n yí ìtọ̀ náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, pé kí ẹni méjì ka orúkọ sókè, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀ bó bá lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo le jù. Ọ̀pọ̀ ìtọ̀ tí wọ́n ń gbé wá báyẹn, ibà lásán ni. Kò sí ọ̀kan tí mo yí láìjẹ́ pé àyà mi já. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó níyì. Ẹ kàn mọ̀ pé ojú aláìsàn ni dókítà ń rí. Àwa kì í rí i. Ó rọrùn láti gbàgbé pé èèyàn ló ni ohun tó wà nínú ìgò.

Lọ́dọọdún ni mo ń lọ kí ìyá Àṣàkẹ́ ní Ẹ̀rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń fi mí jókòó sí, kò mú mi wọlé rí. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, kò fún mi lómi. Lọ́dún karùn-ún, ó fún mi lómi. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò fìgbà kan sọ pé òun ti foríjì mí, èmi náà kò sì bi í mọ́.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, obìnrin kan wá kanlẹ̀kùn mi. Ó ti lé lógún ọdún dáadáa, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ kúulé, mà. Àṣàbí ni orúkọ mi. Ìyá àgbà mi kú lánàá, ní Ẹ̀rìn. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, kí n wá sọ fún yín."

Mo bá a lọ. Mo dúró sẹ́yìn, mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àṣàbí mú mi wọ yàrá tí n kò wọ̀ rí, ó gbé omi fún mi, ó jókòó.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ fún mi, irú èèyàn wo ni ìyá mi?"

Mo ní, "Ọmọ mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. N kò rí ojú rẹ̀ rí."

Ó dìde, ó ṣí àpótí ìyá àgbà rẹ̀, ó yọ fọ́tò kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ń jẹ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo sún mọ́ ojú fèrèsé nítorí ojú mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó dúró ti kẹ̀kẹ́ ológeere kan, ó fún ojú pọ̀ nítorí oòrùn, eyín iwájú rẹ̀ méjì yà díẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò náà.

Mo ní, "Àṣàkẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fi orúkọ yẹn sí ibi tó yẹ kó wà.